Káàdì máìlì ọkọ̀ òfurufú: ṣé ó ṣì pé ẹni tí kì í rìnrìn-àjò púpọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Kétu ní Benin ni mò ń gbé. Lọ́dún méjì-méjì, mo máa ń lọ wo àwọn ọmọ mi ní Paris, mo sì máa ń bá àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ mi lọ sí Ṣáínà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní Àjàṣẹ́ ní kí n gba káàdì máìlì, pé bó pẹ́ bó yá màá fi wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ní ẹ̀tàn ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ gba káàdì náà, torí kò ná yín ní nǹkan kan. Máìlì ni àmì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń kó jọ fún oníbàárà wọn nígbàkúùgbà tó bá fò, tó fi lè gba tíkẹ́ẹ̀tì bó bá pọ̀ tó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó bá yín yan ọkọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, iye ẹrù tí wọ́n gbà àti iye wákàtí tí ẹ ó fi jókòó de ọkọ̀ kejì ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín kò purọ́, kò kàn ṣírò rẹ̀ dé ìparí ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Flying Blue ni wọ́n ń pe ètò máìlì ti Air France. Láti ọdún 2018, wọn kì í fi jíjìn ọ̀nà ka máìlì níbẹ̀ mọ́, owó tí èèyàn san ni wọ́n ń wò: máìlì 4 lórí yúrò 1 fún ẹni tó wà ní ìpele àkọ́kọ́. Owó-orí ìjọba àti ti pápákọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ká ní lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìyẹn, owó ọkọ̀ ku 400,000 CFA, nǹkan bíi yúrò 610. Máìlì 2,440 lẹ ó rí gbà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ àlọ-àbọ̀ bá gba ọ̀kẹ́ méjì máìlì, ìyẹn 40,000, ẹ ó lọ Paris bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún kó tó pé. Lọ́dún méjì-méjì! Tíkẹ́ẹ̀tì "ọ̀fẹ́" ọ̀hún náà, ẹ ṣì máa san owó-orí rẹ̀.

Máìlì yín kò tiẹ̀ ní dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí oṣù 24 bá kọjá tí ẹ kò fò pẹ̀lú wọn tàbí pẹ̀lú ọkọ̀ SkyTeam, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Air France wà nínú rẹ̀, gbogbo máìlì yín ló máa parẹ́. Ẹni tó fò ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 tí kò tún fò títí di oṣù kejìlá ọdún 2026, òdo ni yóò bá níbẹ̀. Ewu tiyín gan-an nìyí.

Ní ti Silver, ìpele tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ní Flying Blue, 100 XP ló ń gbà láàárín ọdún kan. XP kì í ṣe máìlì, òun ni máàkì tí wọ́n fi ń gbé èèyàn sí ìpele. Kútọnú sí Paris ní ìjókòó aráàlú, àlọ nìkan, jẹ́ XP 8. Ẹni tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún ṣì máa wà ní 96. Ẹ gbàgbé ìyẹn.

Tí a bá fojú bù ú pé máìlì kan tó sẹ́ǹtì yúrò kan, 2,440 yẹn kò ju nǹkan bíi 16,000 CFA lọ. Nítorí náà, bí tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn bá fi 30,000 CFA dínwó sí i, òun ni kí ẹ rà.

Ibi tó ti lè ṣe yín láǹfààní díẹ̀ ni Star Alliance, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn. Ethiopian, Turkish àti Brussels Airlines, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá gba Addis Ababa lọ sí Guangzhou, tí ẹ sì gba Brussels lọ sí Paris, nọ́ńbà káàdì kan ṣoṣo lẹ lè kó máìlì méjèèjì sí. Miles & More, tí Brussels Airlines ń lò, ń jẹ́ kí máìlì wà fún oṣù 36 kó tó parẹ́. Ẹ kàn ṣọ́ra fún lẹ́tà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń sọ irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà: níbi tí wọ́n ti ń fi jíjìn ọ̀nà kà, lẹ́tà tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ọ̀nà náà péré, tàbí kó má gba nǹkan kan rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n háyà fún àwọn onímẹ́kà àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà fún èrò rẹpẹtẹ náà kì í sábà ní máìlì.

Orúkọ ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú lọ́dọ̀ wa. Lórí ìwé ìrìnnà, Adjibadé ni wọ́n kọ. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ṣí àkáǹtì kọ Ajibade. Ẹ̀rọ kò ní gbà pé ẹnì kan náà ni. Ẹ kọ ọ́ lẹ́tà sí lẹ́tà bó ṣe wà lórí ìwé ìrìnnà, kí ẹ má sì fi orúkọ bàbá sí àyè orúkọ àbísọ. Kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi nọ́ńbà káàdì yín sí i nígbà tó bá ń ra ìjókòó. Ní pápákọ̀ Kútọnú, ẹ wo ìwé ìwọkọ̀: bí nọ́ńbà náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lórí káńtà kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ má ju ìwé ìwọkọ̀ nù títí máìlì á fi wọlé. Bí kò bá wọlé, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oní-díjíìtì 13 ni wọ́n máa béèrè. Ti Air France ń fi 057 bẹ̀rẹ̀, ti Ethiopian 071. Flying Blue ń gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá sì ní ẹgbẹ̀rún máìlì díẹ̀ tí ọjọ́ tó máa parẹ́ ti ń súnmọ́, ẹ má dúró de tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ẹ wọ àkáǹtì yín ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ fi san owó àpò kejì tí gàrí àti èlùbọ́ àwọn ọmọ máa wà. Owó àpò àfikún tí èèyàn bá san ní pápákọ̀ máa ń wọ́n ju èyí tó ti san sílẹ̀ láti ilé lọ.