Kí sípánà tó kan ọkọ̀ yín: èsì lórí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ òkèèrè

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ọkọ̀ yín nọ́ọ̀kì lójú títì, wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìlú tí ẹ ń gbé báyìí, ọ̀gá náà sì ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, òun á bá yín wá òmíràn. Ẹ ò gbọ́ èdè wọn tó bó ṣe yẹ, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ jẹ́ kó ṣe é. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, nílẹ̀ tí mi ò ti ní ẹbí tàbí ará, ọkọ̀ náà ló sì ṣì ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ títí di òní. Èsì mi ni pé kí ẹ jẹ́ kó ṣe é, bó bá ti lè kọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ fún yín kó tó fi sípánà tú bóòtù àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì gan-an kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbi irú iṣẹ́ yìí. Àwọn nǹkan kéékèèké tó yí i ká ni, àti ohun tí oníṣẹ́ àti oníbàárà rò pé àwọn ti jọ sọ tí wọn ò sì sọ.

Kí ọ̀rọ̀ owó tó wáyé rárá, ẹ ní kó fi ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà hàn yín. Mi ò sọ pé olè ni ọ̀gá náà o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, níbikíbi láyé, máa ń yára pe ẹ́ńjìnnì lókùú, torí pé ó yá wọn lára láti pààrọ̀ rẹ̀ ju kí wọ́n jókòó wádìí ohun tó ṣe é. Nọ́ọ̀kì tó ń dún láti ìsàlẹ̀, tó sì ń le sí i bí ẹ bá ti ń tẹ tọ́tù, bẹ́árìn tó ti jẹ ló sábà máa ń fà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú páànù ọ́ílì: èérún irin tó ń dán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe tú tèmi, a rí i, àríyànjiyàn parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ṣe ni ọ́ílì funfun tó sì ń hó, omi ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì nìkan ló jóná. Bó bá sì jẹ́ pé bẹ́líìtì tàímìn ló já, fáàfù ló sábà máa ń tẹ̀. Wọ́n lè tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe kí ìsàlẹ̀ má ní nǹkan kan tó ṣe é.

Ẹ tún ní kí wọ́n fi géèjì wọn kọmpírẹ́ṣọ̀n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ yá máa ń wà láàárín nǹkan bí 130 sí 200 psi, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe sún mọ́ra ni èmi ń wò jù. Bí mẹ́ta bá wà ní 170 tí ọ̀kan wà ní 90, kò sẹ́ni tó máa tún túmọ̀ ìyẹn fún yín. Wíwádìí ohun tó pa ẹ́ńjìnnì tún wúlò fún nǹkan mìíràn: bó bá jẹ́ pé gbígbóná ló pa ẹ́ńjìnnì yín nítorí rédíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kì í yí, tí wọ́n bá gbé òmíràn síbẹ̀ láìtún ìyẹn ṣe, òun náà á gbóná kú.

Ní ti irú èyí tí wọ́n máa gbé sí i, tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, torí pé owó ẹ́ńjìnnì tuntun lè ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ. Àtúnṣe, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ tú palẹ̀ tó sì kó rìngì àti bẹ́árìn tuntun sí, wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ máa gbọ́ pé "Jàpáánù ló ti dé." Ó nídìí tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ibẹ̀ jáde púpọ̀. Ìjọba wọn ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní shaken, tí ọkọ̀ tuntun ń ṣe lẹ́yìn ọdún 3, tí á sì máa ṣe é ní ọdún méjì-méjì lẹ́yìn náà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí náà àwọn kan máa ń jọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún yín nípa èyí tó wà nílẹ̀ níwájú yín. Iye kìlómítà tí olùtajà bá sọ fún yín, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń ka kìlómítà, dáṣíbọ́ọ̀dù kò sì bá ẹ́ńjìnnì rin ìrìn àjò yẹn.

Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni ara ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ílì sí: bí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹni tó lò ó kì í pààrọ̀ ọ́ílì. Kí wọ́n yọ àwọn púlọ́ọ̀gì kí ẹ rí ẹnu wọn. Kí wọ́n fi sípánà yí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ọwọ́, kó yí ká láìhá. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ lè so sítátà àti bátìrì mọ́ ọn nílẹ̀ níbẹ̀ kó sì wọn kọmpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ kó tó sanwó. Nọ́ńbà rẹ̀ á kéré díẹ̀ torí pé ó tutù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n bára mu. Àwọn olùtajà kan tún máa ń lẹ bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, èyí tí àárín rẹ̀ ń yọ́ bí ooru bá kọjá nǹkan bí 120°C. Bó bá ti yọ́, wọn ò ní gba ẹ́ńjìnnì náà padà lọ́wọ́ yín, torí náà ẹ ya àwòrán rẹ̀ nígbà tó ṣì pé.

Kóòdù ẹ́ńjìnnì, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ẹ́ńjìnnì mọ̀, wá ni ibi tí mi ò ti ní gba ẹnikẹ́ni láyè láti fojú díwọ̀n. "Lítà 1.8 ni" kò tó. Toyota ṣe 1ZZ-FE, ó tún ṣe 2ZZ-GE, lítà 1.8 ni àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì kan náà rárá. Kóòdù yìí wà lára irin ẹ́ńjìnnì tàbí lórí àwo kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ yín, náà fún wọn, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 rẹ̀. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú VIN, torí náà òdo ni ohun tó bá jọ O níbẹ̀. Nígbà tèmi, mo ní kí wọ́n fi àwòrán kóòdù ránṣẹ́ kí n tó fi owó ránṣẹ́. Àwòrán náà ló fi hàn pé èyí tí wọ́n fẹ́ gbé bọ̀ kì í ṣe irú tèmi. Ọ̀gá mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ló bá gbé fóònù, ó fi èdè wọn rọ òjò ọ̀rọ̀ lé ẹnìkan lórí. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fúnra yín ra ẹ́ńjìnnì kó lè dínwó. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì. Bí nǹkan bá yíwọ́, olùtajà á ní ẹni tó gbé e sí i ló bà á jẹ́, ẹni tó gbé e sí i á ní ẹ̀gbin ni wọ́n tà fún yín, àárín wọn ni ẹ máa há sí, ẹ̀yin tí ẹ ò sì lè bá wọn jà ní èdè wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gbé e sí i náà rà á, kó jẹ èrè díẹ̀ lé e, kí ọwọ́ kan ṣoṣo lè wà fún yín láti dì mú. Ẹ béèrè bí ìdánilójú rẹ̀ ṣe gùn tó, kí ẹ sì tún béèrè bóyá owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà ẹ́ńjìnnì máa ń fún yín ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ti àkọ́kọ́ bá kú, ṣùgbọ́n owó títú àti títò lẹ́ẹ̀kejì dọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ àtúnṣe lẹ ń rà, wọ́n lè dá owó kan dúró títí wọ́n á fi gba òkú ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ mọ ẹni tó máa dá òkú ẹ́ńjìnnì náà padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké yẹn ńkọ́? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀, ọwọ́ tó gbogbo ara rẹ̀. Bó bá ti wọlé tán, ohun tí à bá fi wákàtí kan ṣe lè di iṣẹ́ odidi ọjọ́. Torí náà, kó wà nínú ìwé pé wọ́n máa pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, bẹ́líìtì tàímìn àti ohun tó ń fà á le bí ọkọ̀ yín bá ń lò ó, wọ́tà pọ́ǹpù, tamosítáàtì, púlọ́ọ̀gì, àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè. Bí gíà yín bá jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ yí, kí wọ́n wo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì sítì, róbà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó bá ti ya, ẹ má jẹ́ kó padà wọlé. Bí ọkọ̀ yín bá ní kúlà ọ́ílì, ohun tó ń mú ọ́ílì tutù, tó sì jẹ́ pé bẹ́árìn ló jẹ, kúlà náà kún fún èérún irin yẹn. Pípààrọ̀ rẹ̀ sàn ju fífọ̀ ọ́ lọ. Ní ti ẹ́síì, wọn ò nílò láti tú gáàsì rẹ̀ dànù: wọ́n lè tú kọmpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú páìpù rẹ̀. Bí gíà bá jẹ́ ọtomátíìkì, tọ́ọ̀kì kọnfátà, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú gíà, gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí kí wọ́n tó fi bóòtù pa ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀. Bí wọ́n bá fi bóòtù fà á wọlé tipátipá, pọ́ǹpù inú gíà á fọ́, ẹ á sì ra gíà lé ẹ́ńjìnnì.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín, tí àwọn tiwa ń pè ní brain box, kó dúró síbi tó wà. Òun ló mọ kọ́kọ́rọ́ yín. Bí wọ́n bá fi ti ọkọ̀ mìíràn sí i, ọkọ̀ lè máà dáhùn sí kọ́kọ́rọ́ náà mọ́.

Mo ní ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ìyẹn. Nígbà tí wọ́n parí tèmi, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn sítátà á kàn máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, á tún kú fúnra rẹ̀. Wọ́n fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù ọkọ̀, wò ó, ó ń dárúkọ sẹ́ńsọ̀ yìí lónìí, ó ń dárúkọ tọ̀hún lọ́la. Ọmọ iṣẹ́ kan ní bátìrì ni, a pààrọ̀ bátìrì. Èkejì ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni, ó tiẹ̀ ti mọ ẹni tó ń tà á. Mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n mú àwòrán tí mo yà kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì, kí a máa fi wé ohun tó wà níbẹ̀, wáyà kan lẹ́yìn òmíràn. Bàbá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn ló na ìka sí i: wáyà áàtì, èyí tó so ara ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, wà nínú àwòrán, kò sí lára ọkọ̀. Wọ́n bá a nínú àpótí irin iṣẹ́ wọn. Bóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n fi dè é padà, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn sì kú. Torí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ ya àwòrán abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti gbogbo ìhà, kí iná tó, kí ẹ sì sún mọ́ ibi tí wáyà àti róbà bá ti wọnú ara wọn.

Àwòrán yẹn náà ni yóò gbà yín lórí ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní gáréèjì, nọ́ńbà àti àwòrán ni ẹ máa fi ríran. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù kì í sábà mọ orúkọ ara ọkọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà páàtì tí ẹ bá rí lórí èyí tó wà lára ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ fi àwòrán rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú gbogbo páàtì àtijọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ dè yín. Sísan owó náà, ẹ pín in: owó ẹ́ńjìnnì nígbà tí àwòrán kóòdù bá dé, apá kan owó iṣẹ́ nígbà tó bá wọlé, ìyókù lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà wò. Èyí tó bá ní òun fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ ṣáájú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìwé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bó bá yí padà. Ní Bìrìtéènì fún àpẹẹrẹ, orí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní V5C ló wà, DVLA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún. Rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun lórí ni kí ẹ gbà, torí pé láìsí i ẹ ò lè fi hàn pé ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ti olè. Bó bá jẹ́ ìwé ìwọlé fún ìgbà díẹ̀ ni ọkọ̀ yín fi wà nílùú, tí ọjọ́ rẹ̀ sì fẹ́ pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, ẹ tètè mú lẹ́tà mẹkáníìkì lọ bá àwọn aṣọ́bodè.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ gbé e, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì tan án rárá láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ tan án, nígbà tó tutù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ tan ẹ́síì, ẹ dúró lójú kan títí fáànù yóò fi yí, tí yóò sì dúró. Bí géèjì ooru bá ń gòkè bọ̀, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń ṣẹ́kù nínú ọ̀nà omi. Kí wọ́n fà á jáde kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá di alẹ́, ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè rí i bí nǹkan bá ń jò. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe, ẹ má tẹ tọ́tù jù níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ílì rẹ̀ láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́. Ti tòkúnbọ̀ náà, mo máa ń dà á nù ní kíá bẹ́ẹ̀, kí n lè rí ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ nígbà tí ìdánilójú ṣì wà nílẹ̀.