Kí Ló Ń Jẹ Ìkarahun Ìṣáwùrú Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ra ìṣáwùrú aláwọ̀ ìyeyè mẹ́rin láti Èkó, tí mo kó wọn sínú àpótí dígí tí ẹja mi wà ní pálọ̀. Omi òjò ni mo ń lò, torí òun ni mo rí pé ó mọ́ jù lọ. Ìkarahun wọn ń dán nígbà tí mo rà wọ́n, ṣùgbọ́n ní báyìí ṣóńṣó rẹ̀ ti funfun, ó sì rí gbágungbàgun. Ọ̀kan léfòó láti ìjẹta, n kò mọ̀ bóyá ó ti kú. Ọmọ mi ní òun lè bá mi ṣa òmíràn wá láti odò Ọ̀pá. Kí ni kí n ṣe?
Òǹkàwé yín, Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ wo ìkarahun náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó léfòó, torí bó bá ti kú, kò yẹ kó sun inú omi náà mọ́jú. Ẹ mú un jáde, kí ẹ gbé e sún mọ́ imú. Kò sí ẹni tó gbóòórùn òkú ìṣáwùrú tó tún ń ṣiyèméjì. Bí kò bá rùn, tí ìdérí ẹnu rẹ̀ sì ń pa dé bí ẹ ti fọwọ́ kàn án, ó wà láàyè. Irú ìṣáwùrú yìí máa ń wá gba afẹ́fẹ́ lókè omi, afẹ́fẹ́ tó gbà sára yìí ló sì máa ń gbé e léfòó nígbà mìíràn.

Ní ti ìkarahun, omi òjò tí ẹ fọkàn tán ni mo fura sí. Kálísíọ̀mù, èròjà tó wà nínú eegun wa àti nínú èèpo ẹyin, ni ìṣáwùrú fi ń mọ ìkarahun rẹ̀, inú oúnjẹ àti inú omi ló sì ti ń rí i. Omi òjò tí kò tíì fara kan ilẹ̀ kò ní èròjà yìí tó nǹkan. Ó tún máa ń kan díẹ̀, bí ahọ́n wa kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, omi tó bá sì kan a máa yọ́ ìkarahun díẹ̀díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó tó ti gbó jù. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ sáré lọ fa omi kànga, ṣùgbọ́n àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà, nítorí náà omi kànga pàápàá lè má ní in tó.

Èèpo ẹyin ni mo fọwọ́ sí. Ẹ sè é, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, kí ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí omi ti ń ṣàn nínú àpótí náà. Ẹ má fi ẹfun ọjà rọ́pò rẹ̀, amọ̀ funfun lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má bàa yí padà lójijì mọ́ wọn lára, títí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, yóò fi wà láàrin 7 sí 8. Bí ẹja yín bá sì ṣàìsàn, ẹ ka ara ìgò oògùn dáadáa: èyí tó bá ní bàbà (copper) nínú lè wo ẹja sàn, kó sì pa gbogbo ìṣáwùrú yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín lọ ṣa ìṣáwùrú kankan nínú odò. Nínú odò àti adágún ilẹ̀ wa ni ìṣáwùrú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Bulinus wà, òun ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò náà a máa jáde lára rẹ̀ sínú omi, a sì máa gba awọ ara ènìyàn wọlé láìsí ojú ọgbẹ́. Ẹni tó bá kó irú rẹ̀ sílé, tó wá ki ọwọ́ bọ inú àpótí láti fọ dígí, kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ odò náà. Bákan náà, ẹ má da tiyín sódò. Àwọn ìbátan wọn tí wọ́n kó lọ sí Éṣíà ti ba oko ìrẹsì púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980.

Ṣóńṣó tó ti jẹ kò ní í hù padà, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Etí ẹnu ìkarahun ni ìṣáwùrú ti ń mọ tuntun, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò: bí ìlà tuntun tó ń yọ níbẹ̀ bá dán, tí kò ní ihò, omi yín ti bá wọn lára mu nìyẹn.