Ẹ má tíì sanwó maṣín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn: ohun tí ẹ ó ní kí wọ́n bá yín wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú àrò ilé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín tán. Ẹ wà ní Manchester, bàbá yín ní oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè, ẹ sì fẹ́ ra maṣín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin (èyí tí òyìnbó ń pè ní quad bike) tí wọ́n ti lò, kí ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè máa fi kó ẹrù jáde láti inú oko. Ẹnìkan ní Lẹ́kkí fi fídíò Honda Rancher 420 kan ránṣẹ́ sí yín, ó ní tòkúnbọ̀ ti ọdún 2014 ni, ó sì ní kí ẹ san ìdajì owó sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Ẹ ní ara rẹ̀ ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún dáadáa.

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Àkúrẹ́, irú maṣín yìí sì ń wọlé sọ́dọ̀ mi láti oko káàkiri. Ohun tí mo ń rí lára wọn kì í hàn nínú fídíò, nítorí pé ẹni tó ń tà á ló yan ibi tí yóò fi fóònù kọjú sí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi í ni pé níbo ni maṣín náà ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tó ti wọ Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ tó wà ní Èkó, etí òkun ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ń háyà rẹ̀ fún àwọn tó wá ṣe fàájì lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tó bá sì háyà rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kò ní ro ti ẹ́ńjìnnì. Yóò sáré nínú iyanrìn, yóò wọ inú omi iyọ̀, yóò sì dá a padà fún oníǹkan. Bí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú, wọ́n á wá oníbàárà tí oko rẹ̀ jìnnà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí maṣín náà sì ti jìyà létí òkun lẹ́yìn tó dé.

Ẹ wá mẹkáníìkì tiyín kó lọ wò ó. Ẹni tó mọ ọkadà dáadáa lè ṣe é bó bá fara balẹ̀. Kó má jẹ́ ẹni tí ọlọ́jà júwe fún yín, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn pé owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, ẹ ra maṣín o, ẹ kò rà á o. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjà bá tà ni yóò rówó, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á láti sọ pé kí ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ojúmọmọ ni kó lọ, kó sì pè yín lórí WhatsApp kí ẹ̀yin náà lè máa wo ohun tó ń wò.

Bó bá ti dé ibẹ̀, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, wọ́n ti sitáàtì rẹ̀ kó tó dé nìyẹn, kó jókòó kó dúró títí yóò fi tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ń bo àbùkù púpọ̀ mọ́lẹ̀: bátìrì tó ti rẹ̀, ìṣòro láti tan, èéfín tó máa ń kọ́kọ́ jáde. Lásìkò tó ń dúró yìí gan-an ló yẹ kó ṣe èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Kó ṣí ìjókòó maṣín. Abẹ́ rẹ̀ ni àpótí fíltà afẹ́fẹ́ wà. Kó yọ fíltà náà jáde, kó má sì torí pé fíltà mọ́ kó pa àpótí dé, nítorí owó kékeré ni wọ́n fi ń ra fíltà tuntun. Kó mú aṣọ funfun, kó tì í bọ inú ihò tó ti fíltà lọ sí ẹ́ńjìnnì, kó nù ún yí ká, kó sì fi aṣọ náà hàn yín. Ibi tí fíltà ti sẹ́ afẹ́fẹ́ tán nìyẹn, kò yẹ kí eruku wà níbẹ̀ rárá. Bí iyanrìn bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Iyanrìn tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò máa ha ara ṣìlíńdà, yóò jẹ rìngì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa jẹ ọ́ìlì. Èmi kì í dúnàádúrà lórí irú rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá tilẹ̀ gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Ẹ́ńjìnnì odindi ni ẹ fẹ́ rà yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì dúdú kò burú, ó kàn ti pẹ́ ni. Èyí tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ní kó tú ìdérí ọ́ìlì gíà ẹ̀yìn náà, nítorí Rancher kì í lo ṣéènì, ṣáàfùtì ló ń yí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí oníbàárà tó dé, wọn kì í sábà rántí ti ẹ̀yìn. Èyí tó ti mumi rí sábà máa ń jẹ́wọ́ níbẹ̀.

Iyọ̀ ló kù. Kó dùbúlẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti níbi tí irin ti so mọ́ irin ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó fi ìdí súkúdíráfà lu ṣásí káàkiri. Irin tó le yóò dún gbagidi, èyí tó ti jẹrà yóò dún pọ̀. Bó bá rí ọ̀dà tuntun lábẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, kó bèèrè ohun tí wọ́n fi ọ̀dà bò, kó sì wá ojú wẹ́dà níbẹ̀. Kó tú ìsopọ̀ wáyà kan tàbí méjì wò. Bí bàbà inú rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, iyọ̀ ti dé ibẹ̀, rewáyà yóò sì máa jẹ owó yín títí. Kó wo rádíétọ̀ bóyá àwọn ewé inú rẹ̀ ti ń rún dànù.

Kó wá fi jáàkì gbé iwájú sókè. Kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó mì í, kó tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kó mì í. Bó bá ń ṣe kọ̀kọ̀, bẹ́ẹ́rìn tàbí àwọn oríkèé ọwọ́ maṣín ti jẹ. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, ẹ kàn lè fi gé owó ni. Kó wo àwọn rọ́bà tó bo oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú. Bí wọ́n bá ti ya, iyanrìn ti wọlé. Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀pá yẹn níwájú rárá, táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ló ń ti maṣín náà, torí wọ́n ṣe Rancher tí táyà méjì ń tì àti èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì. Lórí òkè Ìdànrè, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì ni ẹ nílò.

Ìgbà yìí ni kó sitáàtì rẹ̀. Kó dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó bá lọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń móoru kò ní nǹkan ṣe. Èyí tí kò bá lọ, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti jó. Èéfín aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ti pọ̀ jù fún un, ìyẹn sì lè má ju àtúnṣe kékeré lọ. Kó gùn ún débi tí gbogbo gíà yóò ti wọlé, kó fi rìn sẹ́yìn, kó tẹ bíréèkì gidi, kó wọ ibi iyanrìn tó rọ̀ kó rí i bóyá táyà iwájú ń fa. Bí ẹ bá wá kúrò lórí Honda tí ẹ fẹ́ Yamaha Grizzly tàbí Polaris, bẹ́lítì ló wà nínú tiwọn, kó gbóòórùn bóyá rọ́bà ń jó.

Ní ti ìwé, ẹ ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ara ṣásí. Àmì 17 ló máa ń jẹ́. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: E ni 2014, B ni 2011, 8 ni 2008. Bí ọlọ́jà bá ní 2014 tí ẹ rí B, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bí maṣín bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ fi nọ́ńbà náà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúewé NICB, àjọ tó ń tọpa ọkọ̀ tí wọ́n jí níbẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ẹ̀sùn olè kàn án. Bó bá jẹ́ láti Bìrìtìkó, níbi tí ẹ wà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń jí wọn lóko àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀. Kó wá àmì CESAR onígun mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ nítorí olè, lára rẹ̀, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti ṣí i kúrò. Kí ọlọ́jà fi ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù hàn. Bó bá ní Kutọnu ló gbà wọlé, kí ẹ rántí pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Rìsíìtì tí ẹ ó gbà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì tí ẹ fi owó sí mu.

Ẹ tún ro ọ̀rọ̀ sípíà páàtì. Maṣín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kékeré ti Ṣáínà, 110 tàbí 125 cc, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jọ ti ọkadà, àwọn ará abúlé lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré fún òkè yẹn. Ti Honda yìí, ẹ lè wá a títí ní Ládípọ̀ kí ẹ má rí èyí tó bá a mu. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún lẹ sún mọ́ ọn jù. Ẹ wo iye tí fíltà, bẹ́ẹ́rìn àti rọ́bà oríkèé ń lọ níbẹ̀ kí ẹ tó pinnu, kí ẹ sì di díẹ̀ sínú ẹrù yín bí ẹ bá ń bọ̀ nílé.

Bó bá yege, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Hilux gbé e lọ Ìdànrè, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé kó má jẹ́ kí fọ́kánáísà fẹ́ táyà rẹ̀ bí ti ọkadà. Láàárín 3 sí 7 psi ni ọ̀pọ̀ táyà wọ̀nyí ń gbà, iye rẹ̀ wà lára maṣín, bó bá sì le jù, yóò máa ta èèyàn lórí àpáta. Àpò kòkó gbígbẹ kan lé ní kìlógíráàmù 60, nítorí náà kó ka ohun tí wọ́n kọ sára rákì kó tó di àpò kejì lé e. Kó má gbé bàbá sẹ́yìn, ẹnìkan ṣoṣo ló wà fún. Ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà ṣásí àti ti aṣọ funfun yẹn ránṣẹ́ síbí bó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, màá bá yín wò ó.