Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Bí rg Bá Ní Òun Ò Rí I

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ rg ló sì kún inú wọn, ìyẹn ripgrep, irinṣẹ́ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ inú fáìlì lójú terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Andrew Gallant ló kọ ọ́ ní èdè Rust, ọdún 2016 ló gbé e síta, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákàlẹ̀, nílùú Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń táìpù ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹgbẹ́, kò sí ọjọ́ tí n kì í pè é. Gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe tán ni mo máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ ní .txt, nítorí ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lónìí ń bọ̀ wá fún ìrántí ọdún kan, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ondó ni mo wà, iṣẹ́ táìpù ni mo ń ṣe bíi tiyín. Mo ní fáìlì kan tí orúkọ Adébọ̀wálé wà nínú rẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Mo ní kí rg bá mi wá "Adébọ̀wálé", kò gbé nǹkan kan jáde. Mo lọ gba ẹ̀dà tuntun, bákan náà ni. Ṣé rg ò gbọ́ Yorùbá ni?

Àbúrò mi, mo mọ ohun tó ṣe yín, torí ó ti dójú tì mí rí. Lọ́dún 2024, ìyá kan wá bá mi láti Ìsinkàn. Ọdún 2014 la bá wọn ṣe ìwé ìsìnkú bàbá wọn. Wọ́n ń múra ìrántí ọdún mẹ́wàá, oríkì bàbá tí a tẹ̀ sí ojú ewé kẹta ni wọ́n sì ń wá, nítorí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó pe oríkì náà fún wa nígbà yẹn ti kú, kò sì sí ẹlòmíì nínú ẹbí tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Mo fi orúkọ bàbá wá a. Òfo. Mo tún un tẹ̀. Òfo. Mo wá fẹnu ara mi sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, kò sí lọ́wọ́ wa mọ́." Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé gèlè wọn lé itan, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì ọdún 2014 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí aago mẹ́rin, ó ti rí i. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí nìyí. Ẹ wo orúkọ tí ẹ kọ sí mi. Lẹ́tà é inú rẹ̀ ní kóòdù tirẹ̀ lódindi, U+00E9. Á náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, tó dúró fún ọ̀, àfi ká to méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á mú ọ, U+1ECD, á fi àmì ohùn U+0300 lé e lórí. Òmíràn á mú o lásán, á fi àmì abẹ́ U+0323 sí i, á wá fi àmì ohùn kún un. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ò, U+00F2, á wá fi àmì abẹ́ sí i. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀ kan náà ni. Lójú rg, mẹ́ta ni, ọ̀kan ò sì jọ ọ̀kan. Kóòdù tí ẹ tẹ̀ gan-an ló ń wá, kì í bá yín sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tuntun ò fi ràn yín lọ́wọ́. Kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti tún ṣe, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ti fáìlì mi ọdún 2014 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíbọ́ọ̀dù tí a ń lò nígbà yẹn kì í fi àmì roboto sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló ń fi síbẹ̀, U+0329. Ìlà yẹn àti àmì roboto kì í ṣe ìbátan rárá lójú Unicode. Kódà ètò tó ń sọ oríṣi mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn di ọ̀kan, yóò fo èyí dá.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí ni pé mo ń bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ lásìkò àwárí nìkan. Rg ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ --pre: kó tó wo inú fáìlì, yóò kọ́kọ́ gba fáìlì náà kọjá lára ètò mìíràn tí ẹ bá tọ́ka sí. Ètò tí mo ń tọ́ka sí ni uconv. Lórí Ubuntu, irú Linux kan, inú icu-devtools ló wà, ẹ fi `sudo apt install icu-devtools` gbà á. Ẹ wá kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì kan, ẹ pè é ní bo-ami:

`#!/bin/sh`
`exec uconv -f utf-8 -t utf-8 -x 'NFD; [:Nonspacing Mark:] Remove; NFC'`

Ẹ sọ ọ́ di ohun tó ṣeé ṣiṣẹ́ pẹ̀lú `chmod +x bo-ami`. Lẹ́yìn náà:

`rg -il --pre ./bo-ami --pre-glob '*.txt' adebowale`

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi àmì kankan sórí orúkọ tí mo ń wá. Lẹ́tà i yẹn ní kí rg má wo lẹ́tà ńlá tàbí kékeré. Lẹ́tà l ní kó dárúkọ fáìlì nìkan. Ẹ má yọ l yẹn kúrò, nítorí bí ẹ bá ní kó fi ìlà ọ̀rọ̀ hàn yín, ìlà tí a ti bọ́ àmì lára rẹ̀ lẹ máa rí, ẹ lè ṣèèṣì dà á kọ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́. Fáìlì fúnra rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó máa ń lọ́ra díẹ̀, torí uconv ní láti kọjá lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n oríṣi kíbọ́ọ̀dù yòówù tí ẹ bá lò, títí kan onílà ṣánṣán yẹn, ó ń rí i.

Ẹ gbọ́ èyí o, mo bẹ̀ yín. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ti ń sọ pé kí a kúkú má fi àmì sí ọ̀rọ̀ mọ́ kó lè rọrùn láti wá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìwé ìsìnkú tí wọ́n kọ "Iya wa" gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí àmì, tí ọmọ olóògbé ń bi mí bóyá ìyá ni tàbí ìyà. Orúkọ tí wọ́n fi sọ òkú lọ́jọ́ ìkómọ ló yẹ ká fi tẹ ìwé rẹ̀. Ká bọ́ àmì fún àwárí, ká dá a padà fún ìwé.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Rg ń fo àwọn fáìlì kan nínú iṣẹ́ àṣejáde mi, bẹ́ẹ̀ grep, irinṣẹ́ àwárí àtijọ́ yẹn, ń rí wọn. Mo ti tẹ orúkọ fódà náà dáadáa.

Ọmọ mi, rg ń ka .gitignore rẹ ni, ìyẹn fáìlì tí a ń kọ orúkọ ohun tí kò yẹ kí git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́, kà sí. Ohun tí o bá ní kí git fojú fò, òun náà á fojú fò ó, pẹ̀lú fáìlì tó fara pamọ́ àti èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà. Fi --debug sí i, yóò sọ èyí tó fò fún ọ, yóò sì sọ ohun tó mú kó fò ó. Bí o bá fẹ́ kó yé fo ti .gitignore, -u. Kó wo fáìlì tó fara pamọ́ pẹ̀lú, -uu. Kó má fo nǹkan kan, -uuu.

Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ, kọ́kọ́ wo `rg --version`. Ubuntu 22.04 ń fún èèyàn ní 13.0.0, 24.04 ń fúnni ní 14.1.0. Ẹ̀dà 15.0, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2025, tún àwọn àṣìṣe kan ṣe nípa .gitignore, pàápàá bí òfin inú fódà òbí ṣe ń kan fódà ọmọ. Ìṣòro tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ni. Tó bá jẹ́ inú fódà kékeré kan lábẹ́ iṣẹ́ rẹ lo ti ń wá nǹkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lo bá pàdé. Apt kò ní fún ọ ní ẹ̀dà yẹn lórí Ubuntu méjèèjì wọ̀nyí, lọ gba fáìlì .deb lójú ewé ripgrep lórí GitHub.

Mo tẹ egrep bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó wá ń kìlọ̀ fún mi pé ó ti di ohun àtijọ́. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ bàjẹ́?

Rárá o. Láti GNU grep 3.8, ọdún 2022, ni egrep àti fgrep ti ń ṣe ìkìlọ̀ yẹn. Ẹ máa tẹ `grep -E` dípò egrep, `grep -F` dípò fgrep.

Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ ni mí ní Ondó Ẹkímọ̀gún. Word àti PDF ni gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí mo ti kọ láti ọdún pípẹ́. Mo lo rg pẹ̀lú -z, torí mo gbọ́ pé ó ń ṣí fáìlì tí a fún pọ̀. Kò rí nǹkan kan. Windows ni mò ń lò.

Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ o. Òótọ́ ni pé -z ń ṣí irú fáìlì bíi .gz, .bz2, .xz àti .zst. Fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé zip ni nínú lọ́hùn-ún, kò sí lára wọn. Èyí tó bá iṣẹ́ yín mu ni rga, ìyẹn ripgrep-all. Ó gun rg lẹ́yìn ni, ó ń fi pandoc ka Word, ó ń fi pdftotext ka PDF, ó sì ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tó bá ti fà jáde kó má baà tún un fà. Nítorí náà, àwárí àkọ́kọ́ yóò pẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní pẹ́. PDF tó jẹ́ fọ́tò ìwé ni kò ní lè kà fún yín.

Torí ẹ ní Windows, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo ẹ̀dà yín lónìí. Bí ó bá kéré sí 13.0, ẹ yọ ọ́, ẹ gba tuntun. Ṣáájú 13.0, tó jáde ní 2021, ihò kan wà fún àwọn tó ń lo -z tàbí --pre lórí Windows: bí ẹnìkan bá fi ètò burúkú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ètò tí rg fẹ́ pè sínú fódà tí ẹ dúró sí, rg lè ṣèèṣì pe èyí tó burú. Fódà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fláàṣì gbé wá fún yín kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ ti dán irú rẹ̀ wò.

Mọ̀mí, fóònù Android nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè fara mọ́ yín?

Wá o, ọmọ mi. Gba Termux, áàpù tó ń fún fóònù Android ní terminal, tẹ `pkg install ripgrep`. Lẹ́yìn náà, tẹ `termux-setup-storage`, kí o sì gbà nígbà tí fóònù bá béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ. Inú ~/storage/shared ni ìwé rẹ yóò wà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `rg -i` àti ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àmì, irú bíi "baba", kí o tó gbé ọ̀rọ̀ olóhùn lé e lọ́wọ́.