Kí ló ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa lọ́ra nígbà tí kò ṣàìsàn?

Ọpọlọ wà níbẹ̀, ẹ̀bi iṣan àti oríkèé nìkan kọ́. Àwọn okùn tín-ín-rín tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ apá òsì máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ á wá falẹ̀. Tí ọ̀dọ́ bá ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ fóònù, apá òsì ọpọlọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ti àgbàlagbà, apá méjèèjì ló sábà máa ń dìde sí i. Ìrìn pàápàá á máa gba àfiyèsí. Ẹ bi ìyá àgbà ní nǹkan lójú ọ̀nà, ó lè kọ́kọ́ dúró kó tó dáhùn (kì í ṣe ìgbéraga o). Eré ìdárayá ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ tí ìlọ́ra náà bá dé lójijì, tàbí lápá kan ara ṣoṣo, ẹ tètè lọ rí dókítà.