Báwo la ṣe ń fi iṣẹ́ àti jíjìnnà wá coefficient of friction?

Ìbéèrè: Alábàárù kan l'Ọ́jà Ọba, Ìlọrin, fi okùn tó nà gbọọrọ, tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀, wọ́ àpò èlùbọ́ 50 kg lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún mítà 8. Eré rẹ̀ kò yí padà. Iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ 1,600 J. Kí ni μ, ìyẹn coefficient of friction (iye tá a máa rí bí a bá fi agbára tí àpò fi tẹ ilẹ̀ pín friction, agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á sẹ́yìn)?

Ìdáhùn: 0.4 ni.

Fi 8 pín 1,600, wàá rí 200 N. Agbára tó fi wọ́ ọ nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí eré kò lé tí kò dín, friction náà jẹ́ 200 N. Àpò fi 50 × 10 = 500 N tẹ ilẹ̀ (10 ni g, òòfà ilẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan). 200 ÷ 500 = 0.4. Má kọ yúníìtì sí i o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ibi tí okùn kọjú sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Bí okùn bá gòkè díẹ̀, ó ń bá ilẹ̀ gbé lára ìwúwo àpò náà, kò ní tẹ ilẹ̀ tó 500 N mọ́, W ÷ mgd (iṣẹ́ ÷ (kílò × g × jíjìnnà), tó jẹ́ ọ̀nà tá a gbà ṣírò lókè) kò sì ní bá a mu. Bí eré bá sì ń pọ̀ sí i láti ìdúró, ẹ kọ́kọ́ yọ ½mv² (iṣẹ́ tó lọ sínú eré àpò; m ni kílò rẹ̀, v ni eré rẹ̀ ní ìparí) kúrò nínú iṣẹ́ náà.