Ṣé ọ̀bẹ ọdẹ tí kì í dípẹtà ló le jù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi la jọ máa ń ṣọdẹ lápá Ìsẹ́yìn. Mo fẹ́ ra ọ̀bẹ ńlá kan ṣoṣo tí màá fi máa lànà nínú igbó, tí màá fi máa la igi ìdáná, tí màá sì tún fi máa kun ẹran. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irin rẹ̀ gùn tó íǹṣì 12, ó ní eyín bíi ti ayùn lẹ́yìn, èèkù rẹ̀ sì ní ihò tí wọ́n kó ìwọ̀ àti ìṣáná sí. Ó ń dán yinrinyinrin. Ẹni tó ń tà á ní kì í dípẹtà láéláé, pé òun ló fi le ju ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ lọ. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Má rà á o, àbúrò.

Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn. Ọ̀bẹ kan náà ni gbogbo yín ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára nìkan ló ń yí padà.

Iṣẹ́ mẹ́ta lo kà sílẹ̀, ọ̀bẹ kan ṣoṣo lo fẹ́ rà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àdá la fi ń lànà. Àdá gùn, ó fẹ́lẹ́, kì í tètè rẹ apá. Gbé irin íǹṣì 12 tó nípọn dání láàárọ̀, wàá rí i bí ọrùn ọwọ́ rẹ ṣe máa rí kó tó di ọ̀sán. Ti ẹran ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pa ẹtu, wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ dáadáa. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ á wà lẹ́yìn ọ̀bẹ, ṣónṣó orí ọ̀bẹ nìkan ni á máa fi yọ́ rìn láàárín awọ àti ẹran. Bó bá fẹ́ la ikùn, á fi ìka méjì gbé awọ sókè, á kọ ojú ọ̀bẹ sókè, kó má baà gún ìfun. Ta ló lè fi ọ̀bẹ íǹṣì 12 ṣe ìyẹn? Ibi tí orí rẹ̀ wà nínú ikùn ẹran, o ò ní mọ̀, àfi bí ìgbẹ́ bá dà sórí itan tí ẹ fẹ́ tà. Ọ̀bẹ Mora tí wọ́n ń ṣe ní Sweden, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn, irin rẹ̀ ò ju bí íǹṣì 4 lọ, kò sì nípọn ju mílímítà 2.5 lọ. Àwọn ọdẹ ń fi kun ẹran tó tóbi ju ẹtu lọ fíìfíì.

Bí o bá ṣì fẹ́ ọ̀bẹ ńlá lẹ́yìn àdá àti ọ̀bẹ kékeré (mo mọ̀ pé wàá ṣì fẹ́ ẹ), íǹṣì 6 sí 7 ti tó, kó nípọn tó mílímítà 4 tàbí 5, kí irin rẹ̀ sì la èèkù já dé ìdí. Ìyẹn lè la igi tó tó ọrùn ọwọ́ bí o bá ń fi kùmọ̀ gbá a lẹ́yìn.

Èyí tó ń bí mi nínú gan-an ni ọ̀rọ̀ “kì í dípẹtà, torí náà ó le.” Irọ́ ni. Bóyá ẹni tó ń tà á ò tiẹ̀ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ohun tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ni chromium tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, òun àti afẹ́fẹ́ á jọ ṣe awọ kan tí ojú ò lè rí sára irin náà, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi rí i mú. Ti pé kó le, ọ̀rọ̀ kábọ̀n (èròjà inú èédú, tó máa ń wà nínú irin) nìyẹn, pẹ̀lú iná. Ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì tí ìyá rẹ fi ń se ọbẹ̀, ṣé ó dípẹtà rí? Gé e, rọ ọ́ ní ọ̀bẹ, pọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú: kò tíì bó awọ òkété kan tán tí ojú rẹ̀ á ti kú. O lè fi iná yan irú irin bẹ́ẹ̀ kó pọ́n rẹ́rẹ́, kí o rì í sínú epo, bó ṣe rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni á ṣe rọ̀.

N kò sọ pé kò sí sitéńlẹ́ẹ̀sì tó dára. Èyí tí wọ́n ń pè ní 440C ní kábọ̀n tó bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, bí iná rẹ̀ bá sì pé, ojú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú. Ẹni tó ń gbé etí òkun, níbi tí iyọ̀ ti ń jẹ irin, irú rẹ̀ ni kó wá. Àmọ́ àwọn ọ̀bẹ ńláńlá olówó pọ́ọ́kú yìí, 420 ló pọ̀ jù nínú wọn, kábọ̀n inú rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti 440C. Sípíríǹ ọkọ̀ akẹ́rù tí àwa alágbẹ̀dẹ ń rọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 0.6. Á dípẹtà bí o ò bá tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n á gé nǹkan.

Bí irin bá sì dára tó, iná lè bà á jẹ́. Báyìí la ṣe ń ṣe é: lẹ́yìn tí a bá ti fi òòlù rọ ọ́ tán, a ó dá a padà sínú èédú títí mágínẹ́ẹ̀tì ò fi ní lè fà á mọ́ (nǹkan bíi 770 lórí ìwọ̀n Celsius nìyẹn), a ó fi iná díẹ̀ kún un, a ó wá rì í sínú epo. Epo ni mo wí o. Bí o bá ki sípíríǹ gbígbóná bọ omi, ó lè sán lójú ẹsẹ̀, ìgbà mìíràn o ò ní rí ojú ibi tó ti sán. Bó bá jáde nínú epo, ó ti le kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá bọ́ lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó lè fọ́ bí àwo tánganran. Nítorí náà, a ó ha ara rẹ̀ kó mọ́, a ó tún yá a níná jẹ́jẹ́, bíi 200 sí 230. Àwọ̀ á máa gba ara rẹ̀ kọjá: àwọ̀ koríko gbígbẹ ni á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni á pọ́n bí obì, á wá di búlúù. Ọ̀bẹ kékeré, a ó dá a dúró níbi koríko gbígbẹ. Èyí tí wọ́n á fi la igi, a ó jẹ́ kó kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kó má baà kán. Alágbẹ̀dẹ tó bá ń kánjú kì í ṣe apá kejì yìí, ọ̀bẹ tirẹ̀ náà á sì máa dán lọ́jọ́ tí o rà á.

Nítorí pé ojú ò lè rí gbogbo èyí ni wọ́n ṣe ń fi idán pa yín lára. Wọ́n á gbé ọ̀bẹ lé ìṣó, wọ́n á fi òòlù gbá a, ìṣó á já, ẹ ó pàtẹ́wọ́. Irin ìṣó rọ̀, àbúrò; kò sí ọ̀bẹ tí wọ́n rì dé àyè kan tí kò lè já a bí ojú rẹ̀ bá ti nípọn. Wọ́n á fi fá irun apá: ìyẹn ń fi hàn pé wọ́n pọ́n ọn láàárọ̀ yẹn ni. Wọ́n á ní èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá gbé ni ojúlówó. Òdìkejì rẹ̀ ni! Sitéńlẹ́ẹ̀sì tó ṣeé rì kó le, mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé e. Èyí tí kò gbé, ó sábà máa ń jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìkòkò tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní àgbo làwọn fi rì í. Ohun tí oníkálukú ń lò fún ara rẹ̀, n kò dá sí i, àmọ́ irin kì í mu àgbo.

Fáìlì kékeré tuntun ni kí o mú lọ. Tọrọ àyè, kí o fi ra ojú ọ̀bẹ wẹ́rẹ́ nítòsí èèkù. Bí fáìlì bá ń yọ̀ kọjá, tó ń han, irin yẹn le. Bó bá jẹ ẹ́, tí ìyẹ̀fun irin ń bọ́ sílẹ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí o bá ti rà á délé, tẹ ojú rẹ̀ dùbúlẹ̀ díẹ̀ sórí ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fà á kọjá. Ojú tó dára á tẹ̀ díẹ̀, á sì padà sípò. Bó bá ṣẹ́, ó le jù. Bó bá tẹ̀ tí kò padà, ó rọ̀ jù. Wọ ìbọ̀wọ́, má kọ ojú ọ̀bẹ sí ara rẹ, má sì sọ pé èmi ni mo ní kí o ba ọ̀bẹ ọlọ́jà jẹ́.

Ihò inú èèkù yẹn, òun ló jẹ́ pé irin ọ̀bẹ parí síbi tí èèkù ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló máa kán. Ìwọ̀ àti ìṣáná, àpò ọdẹ ni kí o kó wọn sí. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè rẹ́ igi, kò sì ní jẹ́ kí o lè gbé ìka lé ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

Bí o bá bá alágbẹ̀dẹ sọ ọ́, bi í bóyá sípíríǹ tó ti gbó ni. Èyí tó ti ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti sán nínú.

Má sì gbé ọ̀bẹ tó dára lọ bá wẹ́dà pé kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ pọ́n ọn. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ta iná tí kò sì máa ti ọ̀bẹ bọ omi, wo ojú ọ̀bẹ: ibi tó bá di búlúù ti rọ̀ nìyẹn, pípọ́n kankan ò ní mú un padà, àfi kí o pọ́n ibẹ̀ dànù. Òkúta àti omi ni kí o lò, pẹ̀lú sùúrù.

Ti òfin: igbó Old Oyo National Park tó wà lápá Òkè-Ògùn yín níbẹ̀, ọdẹ ò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ nínú rẹ̀, ọ̀bẹ yòówù kó mú dání. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, di ọ̀bẹ sínú àpò pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀. Bí o bá so ó mọ́ ìdí kọjá níwájú ọlọ́pàá, bí wọ́n bá mú ọ, n kò ní wá gba onídùúró rẹ.

Bí ẹ bá sì ti dé láti oko ọdẹ, fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọ̀bẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, nù ún gbẹ, fi epo máṣíìnì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Má lo òróró ẹ̀pà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Má fi ọ̀bẹ sùn sínú àkọ̀ aláwọ, torí awọ máa ń fa omi mọ́ra. Fi kọ́ sára ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o.